Ìrìn-àjò ìgbafẹ́ lórí omi sí Àríwá Ayé: èbúté wo ló dájú pé ẹ máa dé?

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sanwó fún ìrìn-àjò ìgbafẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí agbègbè Àkítíìkì, níbi tí yìnyín ti ń léfòó lójú òkun títí kan oṣù kẹfà àti ìkeje ọdún, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn orúkọ ìlú tí wọ́n tò sínú ìwé ìpolówó jẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń gbèrò láti ṣe, kò sì sí ìlérí kankan nínú rẹ̀. Yìnyín, kùrukùru, afẹ́fẹ́ àti ìgbì ló máa pinnu èyí tí ẹ máa dé nínú wọn, ọ̀gákọ̀ ni yóò sì kéde ìpinnu náà fún yín láàárọ̀. Àgbéyẹ̀wò tí mo ń kọ yìí dá lórí ìrìn-àjò tí mo bá ọkọ̀ ńlá kan lọ láti Southampton ní Ìlú Ọba sí Áísíláńdì àti Gíríńláńdì nínú oṣù keje. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò jù nínú rẹ̀ ni bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ọkọ̀ fo èbúté, ohun tó ń fà á, àti bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe ń ṣe sí èrò nígbà tó bá ṣẹlẹ̀, nítorí lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an la ti ń mọ ilé-iṣẹ́ tó yẹ ká fún lówó.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù púpọ̀. Yàrá mọ́ tónítóní, oúnjẹ ń gbóná dé orí tábìlì, àwọn òṣìṣẹ́ sì mọ ènìyàn tọ́jú. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ètò tí a sanwó fún ni pé a óò kọ́kọ́ dé Akureyri, Ísafjörður àti Reykjavík ní Áísíláńdì, lẹ́yìn náà a óò gba inú ọ̀nà omi tóóró Prins Christian Sund kọjá lọ sí Qaqortoq, Nuuk àti Ilulissat ní Gíríńláńdì. A dé gbogbo ti Áísíláńdì. A kò rí inú Prins Christian Sund, a kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Qaqortoq. A dé Nuuk. Ní Ilulissat, àwọn kan nínú èrò sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán yìnyín ti ń dí ọ̀nà, àwọn tó kù kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Kò sí èyí tó ṣàdédé nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ètò náà nílé, tó sì mọ ohun tí yóò máa wò, ìbá ti mọ èyí tó ṣeé gbára lé àti èyí tí kò ṣeé gbára lé.

Ohun àkọ́kọ́ láti wò ni bí ọkọ̀ ṣe máa ń kan ilẹ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan. Ní àwọn èbúté kan, ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀, wọn yóò fi okùn so ó mọ́ ògiri èbúté, èrò yóò sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ní àwọn mìíràn, èbúté kéré tàbí kò jìn tó fún ọkọ̀ ńlá, nítorí náà ọkọ̀ yóò ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ lójú omi, wọn yóò sì máa fi àwọn ọkọ̀ kékeré kó èrò lọ sí èbúté, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn ọkọ̀ ìdóòlà ẹ̀mí gan-an tó so mọ́ ara ọkọ̀ ńlá. Ìyàtọ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbì tí kò lè mi ọkọ̀ ńlá rárá lè máa gbé ọkọ̀ kékeré sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ tí èrò ń gbà sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ àgbàlagbà lẹ́sẹ̀. Kùrukùru tí kò dí ọkọ̀ tó ti gúnlẹ̀ lọ́wọ́ lè mú kí ọkọ̀ kékeré má rí ọ̀nà láàárín àwọn ègé yìnyín. Nínú ìwé ètò, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sábà máa ń fi àmì ìdákọ̀ró kékeré sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ irú èbúté bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ ìwé ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ẹ wá àmì yẹn kí ẹ tó wo àwòrán.

Èyí kò túmọ̀ sí pé èbúté tí ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ sí kò ní ewu tirẹ̀. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ òde òní ga bí ilé alájà mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń gba afẹ́fẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Bí afẹ́fẹ́ bá le ju agbára àwọn ẹ̀rọ tó ń ti ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, tí ìlú náà kò sì ní ọkọ̀ afàkọ̀ tó tó, ọ̀gákọ̀ kò ní gbìyànjú àtiwọlé. Ṣùgbọ́n irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wọ́pọ̀ nígbà ooru, nígbà tó jẹ́ pé ìgbì àti kùrukùru tó ń dá ọkọ̀ kékeré dúró lè dé lọ́jọ́kọ́jọ́.

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí, Áísíláńdì ló rọrùn jù. Ní Reykjavík àti Akureyri, ọkọ̀ ń gúnlẹ̀. Akureyri tún wà ní ìpẹ̀kun Eyjafjörður, ọ̀nà omi gígùn tó wọnú ilẹ̀ ní nǹkan bí 60 kìlómítà, nítorí náà ìjì òkun ti máa ń rọ̀ kó tó débẹ̀. Ísafjörður náà fara pamọ́ sáàárín àwọn òkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ tó tóbi jù lè ní láti dúró sójú omi. Àwọn tí mo máa kà sí iyèméjì ní orílẹ̀-èdè náà ni Grundarfjörður, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti máa ń lo ọkọ̀ kékeré, àti erékùṣù Heimaey, tí ẹnu èbúté rẹ̀ há gan-an láti ìgbà tí òkè Eldfell bú gbàmù lọ́dún 1973, tí òkúta yíyọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà náà pa. Bí ẹ bá rí Heimaey nínú ètò fún ọkọ̀ ńlá, ẹ kà á sí èrè bí ẹ bá débẹ̀.

Gíríńláńdì ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé bí ìgbà ooru bá ti dé, yìnyín ti yọ́ nìyẹn, àti pé bí a bá ṣe ń lọ sí àríwá tó ni yìnyín yóò ṣe máa pọ̀ tó. Ní ìhà gúúsù Gíríńláńdì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Odò inú òkun kan ń ṣàn láti òkun Àkítíìkì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá etíkun ìlà-oòrùn Gíríńláńdì, ó ń ru àwọn pẹpẹ yìnyín tó nípọn tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní storis, ó sì ń gbé wọn yí orí ilẹ̀ gúúsù ká, níbi tí wọ́n ń pè ní Cape Farewell, títí tí wọn yóò fi dé iwájú Nanortalik àti Qaqortoq. Ìgbà ìrúwé títí wọ inú oṣù kẹfà àti ìkeje ni yìnyín yìí sábà máa ń pọ̀ jù. Nípa bẹ́ẹ̀, ó lè ṣẹlẹ̀ pé èbúté tó wà ní gúúsù ni yìnyín dí, nígbà tí Nuuk tó wà ní àríwá wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn.

Prins Christian Sund tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà omi tóóró ni, ó gùn tó nǹkan bí 100 kìlómítà, àwọn òkè gíga àti odò yìnyín, ìyẹn yìnyín ńlá tó ń rọra ṣàn láti orí ilẹ̀, sì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, ní àwọn ibì kan fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdajì kìlómítà lọ. Ọ̀gákọ̀ kò lè wọ ibẹ̀ àfi bó bá dá a lójú pé òun yóò rí ọ̀nà jáde lódìkejì, nítorí kò rọrùn láti yí ọkọ̀ tó gùn tó 300 mítà padà láàárín yìnyín. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ìlà-oòrùn ni àwọn pẹpẹ storis máa ń kóra jọ sí. Lọ́jọ́ tiwa, ọ̀gákọ̀ fi máàpù yìnyín tí àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì ń gbé jáde hàn wá lójú tẹlifíṣọ̀n inú ọkọ̀, ó sì ṣàlàyé ìdí tí a fi máa gba ìta Cape Farewell kọjá, níbi tó jìnnà sí yìnyín. Mo mọrírì ìyẹn púpọ̀. Omi yẹn ni ọkọ̀ Hans Hedtoft rì sí ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1959, nígbà tó ń ti Gíríńláńdì bọ̀ nínú ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó kọlu òkè yìnyín, kò sì sí ẹnì kankan tó yè nínú àwọn 95 tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ òde òní ní rédà àti àwòrán láti ojú òfúrufú, ṣùgbọ́n ègé yìnyín kékeré tí ìgbì ń bò mọ́lẹ̀ ṣì lè fara pamọ́ fún rédà, ó sì lè wúwo tó láti ba ara ọkọ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn tí a ti yí Cape Farewell ká, kùrukùru ló gba ojú omi níwájú Qaqortoq. Nínú ooru, afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń kọjá lórí omi tó tutù bíi yìnyín, kùrukùru yóò sì dìde nípọnnípọn, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Qaqortoq sì jẹ́ èbúté ọkọ̀ kékeré fún irú ọkọ̀ ńlá tí a wọ̀. Ọ̀gákọ̀ dúró títí di ìgbà tí oòrùn ga, kó tó kéde pé a kò ní sọ̀ kalẹ̀. Inú bí àwọn èrò kan. Lójú tèmi, ohun tó tọ́ ló ṣe, àwọn tí mo sì kẹ́dùn fún jù ni àwọn ará ìlú náà, tí iye wọn jẹ́ nǹkan bí 3,000, tí àwọn kan nínú wọn ti pèsè kọfí àti àkàrà òyìnbó sílẹ̀ nínú ilé, tí àwọn mìíràn ti pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sétí omi, tí ọkọ̀ tó kún fún oníbàárà sì kọjá lọ láìyà.

Ní Ilulissat, yìnyín ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti gúúsù. Òkè yìnyín tó ń já bọ́ láti ara odò yìnyín Sermeq Kujalleq, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yára rìn jù lọ láyé, ló kún ẹnu ọ̀nà omi tí àjọ UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi ajogúnbá àgbáyé lọ́dún 2004. Nítorí wọn gan-an ni èrò ṣe ń lọ síbẹ̀, àwọn náà ló sì ń dí èrò lọ́nà: bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, ó lè ti àwọn ègé yìnyín wọ ẹnu èbúté láàárín wákàtí díẹ̀. Ìmọ̀ràn mi fún ibẹ̀ rọrùn: ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to èrò sínú ọkọ̀ kékeré láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì jẹun nígbà tí ẹ bá padà.

Nísinsìnyí, ìwà ilé-iṣẹ́ náà. Nípa ìkéde àti àlàyé, wọ́n ṣe dáadáa. Kò sí ìgbà kan tí a wà nínú òkùnkùn nípa ibi tí a ń lọ. Wọ́n dá owó ìrìn ìgbafẹ́ orí ilẹ̀ tí a ti rà lọ́wọ́ wọn padà pátápátá, láìjẹ́ pé a béèrè. Níbi owó orí èbúté ni wọ́n ti já mi kulẹ̀. Owó yìí ni ìjọba àti èbúté ń gbà lórí èrò kọ̀ọ̀kan, ó sì wà nínú iye tí a san. Bí ọkọ̀ kò bá dé èbúté, kò yẹ kó dúró sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Wọ́n dá a padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí owó tí a lè ná nínú ọkọ̀ nìkan, iye rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nígbà tí mo béèrè bí ó ṣe jẹ́ ní tòótọ́, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tábìlì kò lè fi ìṣirò rẹ̀ hàn mí. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń gba irú owó ńlá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn yẹ kó lè fi ìwé kan ṣoṣo ṣàlàyé ohun tó dá padà. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe dáadáa ní ti Nuuk: ọkọ̀ pẹ́ níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣètò lọ, kí àkókò tí a pàdánù ní Qaqortoq má bàa ṣòfò. Ìyẹn ni irú àtúnṣe tí mo ń fẹ́, ó sàn ju káàdì ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn lọ.

Fún ẹni tí kò lè fara da iyèméjì tó pọ̀ tó báyìí, etíkun Nọ́wè ló yẹ kó rà. Ní Tromsø, Alta àti Honningsvåg, ọkọ̀ ń gúnlẹ̀, òkun ibẹ̀ kì í sì í dì, nítorí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń ti Àtìláńtíìkì wá. Ewu tó kù ní Honningsvåg ni pé ẹ lè dé èbúté láìsí wàhálà, kí kùrukùru sì bo Nordkapp, òkè oní 307 mítà tí ẹ torí rẹ̀ wá. Kò sí ẹni tó ń dá owó padà fún ìyẹn. Àwọn ọkọ̀ Hurtigruten àti Havila tó ń ná ọ̀nà Bergen sí Kirkenes, èbúté 34, ń rìn tọdún tọdún, wọ́n sì máa ń fo èbúté nígbà òtútù, pàápàá àwọn tó dojú kọ òkun Barents bíi Berlevåg. Síbẹ̀, nítorí pé èbúté wọn pọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì bọ́ sí òru, bí wọ́n bá fo ọ̀kan, kì í dun èrò tó bó ṣe ń dùn ún nígbà tí èbúté mẹ́ta péré wà nínú ètò.

Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè tó wà ní àríwá jìnnà, ní tirẹ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, òfin Nọ́wè kò gba ọkọ̀ tó bá kó ju 200 èrò lọ láyè nínú àwọn àgbègbè tí ìjọba dáàbò bò níbẹ̀, ó sì dín ibi tí ènìyàn lè sọ̀ kalẹ̀ sí kù sí 43 nínú àwọn àgbègbè náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ńlá tó bá kọ Svalbard sínú ètò kò ní lè fi ibi púpọ̀ hàn yín ju Longyearbyen àti àyíká rẹ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ kéékèèké tí kò kó ju 200 èrò lọ ló ń lọ sí àwọn ibi tó kù, wọn kì í sì í ṣèlérí ibi kankan. Bí àwọn amọ̀nà bá rí béárì funfun lórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí, wọn yóò fagi lé ìsọ̀kalẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀, inú èrò yóò sì dùn, nítorí wọ́n ti rí béárì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí mo fi ń gbè sẹ́yìn ọ̀gákọ̀ tó bá fo èbúté. Nínú oṣù kẹta ọdún 2019, ọkọ̀ Viking Sky ti fo Bodø nítorí ojú ọjọ́, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Stavanger nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú nínú ìjì ní Hustadvika, omi tí àwọn atukọ̀ Nọ́wè ti ń bẹ̀rù tipẹ́. Ènìyàn 1,373 ló wà nínú rẹ̀. Hẹlikópítà ló gbé 479 nínú wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Etíkun tó ní ọ̀nà àti ilé ìwòsàn nítòsí nìyẹn. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nígbà tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ Ocean Explorer gun ilẹ̀ ní Alpefjord, ní ìlà-oòrùn àríwá Gíríńláńdì, pẹ̀lú ènìyàn 206, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò kí ọkọ̀ ìwádìí ẹja kan tó fà wọ́n jáde. Níbi tí ìrànlọ́wọ́ ti jìnnà tó báyẹn, ọ̀gákọ̀ tó ń yára sọ pé rárá ni mo fẹ́ kó wà nídìí ọkọ̀ tí mo wọ̀.

Fún àwọn ènìyàn wa tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ mìíràn wà níbẹ̀. Gíríńláńdì àti erékùṣù Faroe kò sí nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan ṣoṣo kárí, físà tí Dẹ́nímáàkì bá fún yín sì gbọ́dọ̀ sọ ní pàtó pé ó kan ibẹ̀. Áísíláńdì wà nínú Schengen. Svalbard kò béèrè físà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba Nọ́wè lọ tó sì gba ibẹ̀ padà nílò físà tó jẹ́ kó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọkọ̀ bá fo èbúté tó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èbúté tuntun náà lè wà lábẹ́ òfin tó yàtọ̀, ẹ sì lè jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ béèrè fún físà tó gbòòrò ju ètò yín lọ.

Ẹ tún wo ìwé adójútòfò yín. Ní Ìlú Ọba, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ta ààbò ọkọ̀ ìgbafẹ́ lọ́tọ̀, tó ń san iye kan fún èbúté kọ̀ọ̀kan tí ojú ọjọ́ bá mú kí ọkọ̀ fò. Adójútòfò ìrìn-àjò lásán kì í sábà san án. Òfin Ìlú Ọba ti ọdún 2018 lórí ìrìn-àjò àkànpọ̀, ìyẹn èyí tí a sanwó ọkọ̀ àti ibùsùn rẹ̀ pa pọ̀, sì fún yín ní ẹ̀tọ́ láti gba owó yín padà bí wọ́n bá yí ohun pàtàkì nínú ètò náà padà gidigidi kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbéra, ìwé àdéhùn ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìwé náà sì máa ń fún ọ̀gákọ̀ ní àṣẹ láti yí ọ̀nà padà. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ gba amọ̀nà ní Qaqortoq tàbí Ilulissat kó béèrè ṣáájú bóyá amọ̀nà náà yóò dá owó padà bí ọkọ̀ kò bá dé.

Ní tèmi, mo tún lè bá ilé-iṣẹ́ yìí rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì ń dúró de ìṣirò owó orí èbúté tí mo béèrè fún. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ ni mo máa yàn, nígbà tí storis ti sábà máa ń dín kù ní gúúsù tí ìjì ìgbẹ̀yìn ọdún kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, inú ọkọ̀ tí kò tóbi tó èyí ni mo sì máa wọ̀, èyí tó lè gúnlẹ̀ sí Qaqortoq láìlo ọkọ̀ kékeré.